Mastertronic àti géèmù £1.99: ṣé wọ́n ba ọjà jẹ́ ní England ni àbí wọ́n tún un ṣe?

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Èmi àti ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ń jiyàn lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ó ní àwọn Mastertronic tó ń ta géèmù ní £1.99 láyé ọdún 80s ló ba ọjà géèmù jẹ́ ní England, pé wọ́n kó pàǹtírí dà sígboro débi pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gidi ò rí jẹ mọ́. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn wo tiẹ̀ ni wọ́n, kí ló sì gbẹ̀yìn wọn?

* * *

Àbúrò, ọ̀gá yín ò parọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán. Gúúsù London ni mo wà nígbà yẹn, ọmọ ilé ìwé ni mí, kásẹ́ẹ̀tì wọn kún ilé wa (inú kásẹ́ẹ̀tì bíi ti orin ni géèmù wà nígbà yẹn), torí náà ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ibi tí kò ní iyàn nínú.

1983 ni wọ́n dá Mastertronic sílẹ̀ ní London. Àwọn mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀, Martin Alper, Frank Herman àti Alan Sharam. Kò sẹ́ni tó ń kọ géèmù nínú wọn o. Ọjà fídíò ni wọ́n ti bọ̀, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń di kásẹ́ẹ̀tì sínú páálí, bí wọ́n ṣe ń pín in kárí ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n sì ṣe ń gba owó wọn padà lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù. Nígbà tó máa di 1984 géèmù wọn ti wà níta, £1.99, nígbà tí géèmù àwọn tó kù wà láàárín £5.95 sí £9.95.

Gbogbo ẹni tó bá sọ ìtàn yìí, owó ló máa ń mẹ́nu bà ṣáá. Lójú tèmi ibi tí wọ́n gbé ọjà náà sí gan-an ló jùyẹn lọ. Kí wọ́n tó dé, tó o bá fẹ́ ra géèmù o ní láti wá ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ, tàbí kó o gé fọ́ọ̀mù láti inú magasínì, kó o bẹ bàbá ẹ kó bá ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì, kó o wá jókòó máa retí póòsì. Àwọn ọkùnrin yìí gbé ráàkì wáyà lọ sí ilé epo, sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìwé ìròyìn àti sìgá, sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, sí Woolworths. Wọ́n á rán ẹ ní búrẹ́dì, wàá bá géèmù pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì, ṣéńjì sì wà lọ́wọ́ ẹ. Ìjà tó máa ń ti ibẹ̀ wá nílé, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ tó ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ òbí lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ó lè ra £1.99 láìbi ẹnikẹ́ni. £9.95 ńkọ́, ọjọ́ ìbí tàbí Kérésì nìyẹn.

* * *

Ẹnì kan ti wá fi òwe gbá mi lójú, ó ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, pé kí ni £1.99 fẹ́ rà tó máa dáa. Ẹlòmíì ní rárá, pé gbogbo géèmù Mastertronic ló dùn. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ ò ní bínú sí mi.

Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò dáa. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ ọ́ ní yàrá wọn ni wọ́n ti ń rà á, ẹlòmíì fi BASIC, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ń lò, kọ ọ́, ó ń rọra wọ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn, àwòrán iwájú páálí rẹwà gan-an ṣùgbọ́n tó o bá rí ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wàá fẹ́ sunkún. Ìyẹn ò ní iyàn.

Ṣùgbọ́n tó bá di 1985, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Finders Keepers jáde, David Jones ló kọ ọ́, Magic Knight lorúkọ akọni inú ẹ̀, ajagun kékeré tó wọ aṣọ irin tó ń rìn kiri nínú ààfin ọba tó ń kó ẹrù tó sì ń tà á. £1.99 o! Ó tà débi pé wọ́n ní kí ẹni tó kọ ọ́ máa bá a lọ, Spellbound tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Knight Tyme, lẹ́yìn náà Stormbringer. Spellbound wà lábẹ́ lábẹ́lì wọn kejì tí wọ́n ń pè ní MAD, £2.99 nìyẹn, nítorí wọ́n ti rí i pé tí géèmù bá dáa, ọmọdé á fi £1 kún un.

Kikstart ńkọ́? Shaun Southern ló kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà Commodore 64, eré ọ̀kadà ni, wọ́n pín ojú tẹlifíṣàn sí méjì, ẹnì kan lókè ẹnì kan nísàlẹ̀, ẹ jọ ń sáré. Tó o bá sá eré ju bó ṣe yẹ lórí àwọn ìdènà tí wọ́n tò síbẹ̀, o máa ṣubú, ẹnì kejì á ti kọjá ẹ. Mo mọ ilé tí wọ́n ti fi jọ́ístíìkì la ara wọn lórí nítorí Kikstart, mi ò ní sọ pé ilé wa ni.

The Last V8, géèmù ọkọ̀, náà wà níbẹ̀ lábẹ́ MAD. Orin Rob Hubbard inú ẹ̀, títí dòní àwọn èèyàn ṣì ń gbọ́ ọ. Ọkọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ sì ni kò ṣeé wà, tó o bá kàn fọwọ́ kan etí ọ̀nà báyìí o ti kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀gá yín gbọ́ rèé. Pàǹtírí ò mọ iye. Àwọn tó ń ta £9.95 náà ń ta pàǹtírí, ìyàtọ̀ ni pé ti wọn dun ọmọ dé egungun. Imagine ti Liverpool, ilé-iṣẹ́ tó ń gun mọ́tò olówó ńlá tó sì ń kéde géèmù tó ṣàrà ọ̀tọ̀ tí kò tíì sí, July 1984 ló wó lulẹ̀, kámẹ́rà BBC wà nílé-iṣẹ́ náà tó ń ya gbogbo ẹ̀. Mastertronic ò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ lórí ráàkì nígbà yẹn. Ta ló wá ba iṣẹ́ fún ta?

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ní "ohun tí wọ́n ń ṣe ní Alaba náà ni," rárá o ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń ṣe àdàkọ CD tó kó géèmù ogún sínú ẹ̀, kò bá ẹnì kankan tọwọ́ bọ̀wé, kò sì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ṣe é. Mastertronic ń ra géèmù lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, wọ́n ń tẹ páálí tiwọn, wọ́n ń san owó orí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wé ọjà wa, àwọn marketer fíìmù Yorùbá láyé VHS ló sún mọ́ ọn. Kò mọ kámẹ́rà í gbé, kò kọ ìtàn, ṣùgbọ́n òun ló mọ ẹni tó máa gbé ọjà dé Ìbàdàn àti Òṣogbo, torí náà òun ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Irú agbára yẹn ni Alper àtàwọn tiẹ̀ ní.

Ọ̀rọ̀ àdàkọ tí ẹ mú wá sì jẹ́ kí n rántí nǹkan kan. Ní ilé ìwé wa, ẹni tí bàbá ẹ̀ bá ti ra rẹ́díò tó ní ojú kásẹ́ẹ̀tì méjì, ó ti di ọba. Fi ti géèmù sọ́wọ́ ọ̀tún, òfìfo sọ́wọ́ òsì, tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Géèmù £9.95 kan lè di ogún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ta ni máa jókòó ṣe àdàkọ ohun tí wọ́n ń tà ní £1.99, nígbà tí òfìfo fúnra ẹ̀ ń gbowó tí wàá tún máa bẹ onírẹ́díò? Owó pọ́ọ́kú yẹn dín olè kù ju gbogbo lẹ́tà ìkìlọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tẹ̀ sẹ́yìn páálí lọ.

* * *

Ìbéèrè tó kàn, pé ṣé àwọn tó kọ géèmù jẹ nínú ẹ̀. Ibí gan-an ló ti yẹ kí wọ́n bá Mastertronic wíjọ́, kì í ṣe ibi tí ọ̀gá yín tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. VAT ní Britain nígbà yẹn 15% ni. Nínú £1.99, 26p ti lọ fún ìjọba, ó ku £1.73. Onísọ́ọ̀bù á mú tiẹ̀, ẹni tó ń pín ọjà á mú tiẹ̀, ẹ wá yọ owó kásẹ́ẹ̀tì, owó àdàkọ, owó ìwé aláwọ̀ mèremère inú páálí, owó ọkọ̀. Ohun tó máa kù fún ọmọ tó jókòó oṣù mẹ́ta kọ géèmù, pẹ́ńsì díẹ̀ lórí ìkọ̀ọ̀kan. Àfi kó tà rẹpẹtẹ. Tó bá tà rẹpẹtẹ, pẹ́ńsì yẹn á di owó gidi. Tí kò bá tà, o ti ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Àwọn tó tètè lóye ìṣirò yìí ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Darling, David àti Richard. Ọ̀dọ́mọdé ni wọ́n, àwọn ló kọ púpọ̀ nínú àwọn géèmù Mastertronic àkọ́kọ́. Chiller jẹ́ tiwọn, èyí tí orin inú ẹ̀ jọ Thriller ti Michael Jackson débi pé wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò (ta ló fẹ́ bá lọ́yà Michael Jackson ṣeré?). The Last V8 tí mo bú lókè náà, iṣẹ́ David ni.

Ní 1986 wọ́n bá tiwọn lọ, wọ́n dá Codemasters sílẹ̀, owó kan náà, £1.99, ṣùgbọ́n báyìí àwọn ló ń tẹ̀ ẹ́ àwọn ló ń tà á, wọ́n sì ń kọ "Simulator" sí ara ohun gbogbo, BMX Simulator, èyí Simulator, tọ̀hún Simulator. Ìbejì kan tún bá wọn, Philip àti Andrew Oliver, àwọn ló kọ Dizzy ní 1987, ẹyin tó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń ta takítí kiri inú igbó. Ẹyin lásán o, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù ní gbogbo ilẹ̀ yẹn.

Ẹ wò ó, Codemasters yìí kan náà ni EA, ilé-iṣẹ́ géèmù ńlá ti Amẹ́ríkà, rà ní 2021 ní $1.2 bílíọ̀nù. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ wọn lórí kásẹ́ẹ̀tì £1.99. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kò sí iṣẹ́ gidi tó ti inú ọjà pọ́ọ́kú jáde, ẹ fi ìyẹn hàn án.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbè sẹ́yìn Mastertronic lórí èyí. Fún Darling kan tó rí ọ̀nà jáde, àwọn ọmọ tó ta géèmù kan ṣoṣo tí orúkọ wọn ò tiẹ̀ sí lára páálí pọ̀ jù wọ́n lọ.

* * *

Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú kì í ṣiṣẹ́: kì í ṣe pọ́ọ́kú ló fà á, arákùnrin. Ti £9.95 náà ń kọ iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ lo kọ̀ǹpútà Spectrum nígbà yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Wàá so rẹ́díò mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà, wàá tẹ LOAD "", wàá tẹ PLAY, etí tẹlifíṣàn á máa ṣe ìlà-ìlà, pupa àti búlúù aláwọ̀ omi kọ́kọ́, lẹ́yìn náà yẹ́lò àti búlúù, ariwo ẹ̀ á máa han bí ẹni ń fi irin ha irin. Ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn kọjá nítòsí wáyà. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, "R Tape loading error". Ó já sí pàbó!

Orí rẹ́díò ló sábà máa ń fà á. Irin kékeré tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì yẹn, skúrù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí kò bá dúró gbọnrangandan pẹ̀lú tépù, kò ní gbọ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ki skúrúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò tó lu sára rẹ́díò, á máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń lọ, títí ariwo yẹn á fi mú gbọ̀ngbọ̀n-ìn, ìgbà tó bá mú jù lọ ló tọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tó o bá yí i fún ti òní, àwọn èyí tó o ti ṣe àdàkọ ẹ̀ lánàá lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Màmá wa sì ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà, òun gbà pé iṣẹ́ ilé ìwé là ń ṣe, torí ìyẹn la fi tan òun àti bàbá wa tí wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà.

Rádaràda tí mo gbé wọ̀nyí pọ̀. Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

* * *

Kí ló gbẹ̀yìn wọn. Àwọn kan ti ń sọ lókè pé pọ́ọ́kú ló pa pọ́ọ́kú, pé wọ́n jẹ gbèsè kú. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fẹ́ di ńlá ni. Ní 1987 wọ́n ra Melbourne House tó ní orúkọ fún géèmù olówó gidi. Wọ́n tún lọ dá Arcadia sílẹ̀, ẹ̀rọ géèmù tó ń jẹ owó ẹyọ, irú èyí tí wọ́n ń gbé sí pọ́ọ̀bù àti etíkun, inú kọ̀ǹpútà Amiga ni wọ́n ti yọ ẹ̀rọ ẹ̀. Kò tà. Ẹni tó mọ ráàkì £1.99 bí ẹni mowó lọ bá àwọn ará Japan díje níbi tí kò ti mọ nǹkan kan, owó wọn wọlé síbẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ pé tí kò bá sí Arcadia, ìtàn yìí ò bá rí báyìí. Virgin ti Richard Branson ra ìpín 45% ní 1987, wọ́n ra ìyókù ní 1988, orúkọ wá di Virgin Mastertronic.

Láàárín ìgbà yẹn ni Sega, ilé-iṣẹ́ géèmù ti Japan, wọlé. Sega ń wá ẹni tó máa bá wọn ta Master System, ẹ̀rọ géèmù wọn, ní Britain, ta ló mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ju àwọn yìí lọ? Wọ́n gbà á ní 1987, wọ́n sì tà á dáadáa débi pé nígbà tí Mega Drive, ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e, dé ní 1990, àwọn náà ló tà á. Géèmù Sega kan lè ju £20 lọ. Àwọn tó ń ta £1.99! Ẹ bá mi wo iṣẹ́ ayé. 1991 ni Sega wá ra ilé-iṣẹ́ náà, ó di Sega Europe, ẹ̀ka tó ń tẹ géèmù dúró sọ́dọ̀ Virgin.

Ìyẹn ni ọ̀nà kan. Ọjà pọ́ọ́kú fúnra ẹ̀, ó ti ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ olówó gan-an ló sì pa á. Wọ́n ronú pé géèmù wa tó ti di ti ọdún méjì sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni ò rà mọ́, kí ló dé tá a ò kó o sórí ráàkì yẹn? Ocean dá lábẹ́lì Hit Squad sílẹ̀ fún un, US Gold dá Kixx, £2.99. Mastertronic náà ní Ricochet tó ń ṣe irú ẹ̀. Ọmọdé tó dúró síwájú ráàkì, ṣé géèmù tuntun tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí ló máa rà ni, àbí géèmù tó ti ń wù ú láti ọdún méjì, tó ti rí nínú gbogbo magasínì? Ẹni tó ń kọ géèmù tuntun fún £1.99 ò lè bá ìyẹn díje. Àwọn magasínì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ iwájú ara wọn, géèmù odindi lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló fẹ́ bá ọ̀fẹ́ jà?

Torí náà àbúrò, sọ fún ọ̀gá yín pé ó ti dojú ọ̀rọ̀ bolẹ̀. Kì í ṣe pọ́ọ́kú ló lé olówó kúrò lọ́jà, olówó ló sọ̀ kalẹ̀ wá gba ráàkì lọ́wọ́ pọ́ọ́kú.

* * *

Mo rí i pé ẹnì kan ní òun rí Mastertronic lára CD PC lẹ́yìn 2000. Òótọ́ ni, àwọn mìíràn ló gbé orúkọ náà dìde. Frank Herman ti kúrò ní Sega, ó wà lára àwọn tó dá Sold Out sílẹ̀, iṣẹ́ kan náà, géèmù PC tó ti pẹ́ ní owó pọ́ọ́kú, inú ẹ̀ ni orúkọ Mastertronic ti padà jáde. 2015 ni ìyẹn náà kógbá wọlé. Alper ní tiẹ̀ lọ sí California lọ darí Virgin Games níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú The 7th Guest ní 1993, géèmù CD-ROM tó mú kí èèyàn púpọ̀ lọ ra ẹ̀rọ CD fún kọ̀ǹpútà wọn.

Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é báyìí: ẹ wá emulator (ètò tó ń mú kí láptọ́ọ̀pù ṣe bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́) ti Spectrum tàbí Commodore 64 sórí láptọ́ọ̀pù, kò ní kọ́bọ̀ kan. Finders Keepers ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ti Spectrum ni o, kì í ṣe ti Commodore, torí ti Commodore yàtọ̀. Kikstart bẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì. The Last V8, ẹ kàn fi orin ẹ̀ sílẹ̀ kó máa kọ, ẹ má fọwọ́ kan jọ́ístíìkì.